Apá ló ń ta yín, àmọ́ ọrùn ni kí ẹ yẹ̀ wò

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ apá tó ń jó ènìyàn bí iná la bá wá. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni làkúrègbé.

Eegun 7 ló gbé ọrùn ró. Ohun kan bíi tìmùtìmù sì wà láàárín wọn, àfi láàárín méjì òkè. Bí èèpo tìmùtìmù yìí bá ya, ohun rírọ̀ inú rẹ̀ á yọ síta, á fún iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí apá mọ́lẹ̀. Ọrùn ló ti há, apá ló ti ń dùn.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló máa ń rú ènìyàn lójú jù. Apá ẹ̀wù lásán, àní afẹ́fẹ́ fáànù, bó bá kan awọ, á ta bí ìgbà tí omi gbígbóná dà sí i. Bẹ́ẹ̀ awọ náà kò pọ́n, kò légbò. Iṣan tó ti bínú ló ń ka ìfọwọ́kàn sí ìrora. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi róòbù ra á, ṣe ló máa dá kún un. Ẹ wọ aṣọ òwú tó fara mọ́ra, torí èyí tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ló ń ha ara. Ẹ fi òwú rírọ̀ pa eteetí ibi tó ń ta náà fún ìṣẹ́jú 2, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kí ẹ máa sún sí àárín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ara bá ṣe gbà á.

Ìka ló ń júwe ibi tó ti bàjẹ́. Bó bá jẹ́ àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá ló ń ṣe pajápajá, àárín eegun ọrùn karùn-ún àti ìkẹfà, bí a bá kà á látòkè, la kọ́kọ́ ń fura sí. Bó bá jẹ́ ìka àárín, àárín ìkẹfà àti ìkeje ni, ibẹ̀ ló sì wọ́pọ̀ jù. Àwọn àgbà ní a kì í káwọ́ lérí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí aláìsàn yìí ká a: bí ìrora bá rọlẹ̀, ọrùn ló ti ń bọ̀.

X-ray kì í fi tìmùtìmù náà hàn, MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, ló ń fi í hàn. Parasítámọ́ọ̀lù kì í sábà ran ìrora iṣan ìmọ̀lára. Dókítà lè kọ amitriptyline, oògùn tí wọ́n ń lò fún irú ìrora yìí; mílígíráàmù 10 lálẹ́ ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi tramadol tàbí ọtí kún un. Ọ̀pọ̀ ló ń sàn láàárín oṣù mẹ́ta láìsí iṣẹ́ abẹ, bí ẹ kò bá gbé ẹrù lé orí, tí ẹ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ọrùn yín kó dún.

Àmọ́ bí ọwọ́ kò bá lè de bọ́tìnnì mọ́, tí ẹsẹ̀ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé dì mú, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Àwa olùtọ́jú eegun àti iṣan,
Ìbàdàn