Ẹ Bá Wa Bèèrè Ìdí Òpó Afárá Third Mainland

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ afárá Third Mainland bá ti jáde, ọ̀dà ojú títì àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ la máa ń kà. Ìsàlẹ̀ omi ni tèmi wà.

Kí ẹni tó bá ráyè dúró sétí ọ̀sà ní Adékúnlé, kó wo àwọn igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀. Omi kì í kàn gba ẹ̀gbẹ́ igi kọjá jẹ́jẹ́. Ẹ̀yìn igi ni yóò ti máa yí bírí, ìyí omi kan lọ́tùn-ún, ìyí omi kan lósì, tí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó bá kó sí i á máa pòòyì níbẹ̀. Bí igi náà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, tí omi sì ń sáré ìdajì mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà, ọ̀kan á já lọ́tùn-ún, ọ̀kan á já lósì. Láti 1911 ni Theodore von Kármán, ọmọ Hungary, ti ń ṣe ìṣirò bí wọ́n ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn.

Èyí tójú rí nìyẹn. Èyí tó burú jù wà níwájú òpó afárá, nísàlẹ̀. Omi òkè ń sáré ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Tó bá kọlu òpó tí kò ríbi gbà, ńṣe ló ń dorí kodò, á gbẹ́ iyanrìn, á wá wé mọ́ ẹsẹ̀ òpó. Iyanrìn tí èyí bá gbẹ́, ìyí omi ẹ̀yìn á gbé e lọ. Kòtò yẹn lè jìn ju ìlọ́po méjì ìbú òpó lọ. Ní ọ̀sà tiwa, omi òkun ń wọlé, ó tún ń fà padà lójoojúmọ́, nítorí náà ohun tó jẹ́ iwájú òpó láàárọ̀ lè di ẹ̀yìn lọ́sàn-án.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kòtò náà mọ bí a ṣe ń fara pamọ́. Tí omi bá ti rọlẹ̀, iyanrìn rírọ̀ á ya padà sínú rẹ̀. Òmùwẹ̀ tí wọ́n bá rán wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á bá ilẹ̀ pẹrẹsẹ, á ní kò séwu, bẹ́ẹ̀ iyanrìn yẹn kò lè di nǹkan kan mú.

Kì í ṣe pé kò sí oògùn rẹ̀. A lè kó òkúta ńláńlá yí ìdí òpó ká. A lè fi kọnkéré pẹlẹbẹ sí i lẹ́sẹ̀ bí àwo tí wọ́n dá lu láàárín, kí omi tó ń dorí kodò má bàa kan iyanrìn. Wọ́n tún máa ń wé okùn onírin yí òpó po kí agbára omi lè túká. Irú ọgbọ́n yìí náà ló wà lára àwọn ihò èéfín gíga tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ lọ́ mọ́ lókè nítorí afẹ́fẹ́.

Ṣùgbọ́n òkúta kì í ṣe iṣẹ́ àṣepatì. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 1987, afárá Schoharie Creek ní ìpínlẹ̀ New York wó, ènìyàn 10 kú. Òkúta wà ní ìdí òpó rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omi kó o lọ, wọn ò sì dá a padà bó ṣe yẹ.

Ọdún 1990 ni wọ́n ṣí afárá tiwa tán. Ẹni tó bá ń wa iyanrìn nítòsí òpó rẹ̀ ń bá omi ṣiṣẹ́ ni, ó ṣe tán, ilẹ̀ kan náà làwọn méjèèjì ń gbẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí àwọn akọ̀ròyìn yín bá wa béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ òde: báwo ni ilẹ̀ ṣe jìn tó ní ìdí òpó kọ̀ọ̀kan lọ́dún yìí, mélòó ló jẹ́ lọ́dún tó kọjá? Kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n nígbà tí odò Ògùn bá kún dé, kì í ṣe nínú ọyẹ́ nìkan.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ físíìsì kan, Èbúté Mẹ́tta, Èkó.