Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: omi tí a fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù yín

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Ṣágámù, Ìpẹ̀rù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣímáwá, a kí yín o. Ẹ kú ìnáwó ilé. Ilé á tura.

Láti ọjọ́ mélòó kan ni ẹ̀yin tí ẹ wá gbé ọjà ti ń béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ wa: kí ló dé tí ẹ kò rí ọmọ iṣẹ́ tó ń fi họ́ọ̀sì wọ́n omi káàkiri mọ́, tó jẹ́ pé ọ̀rá dúdú àti tapólì lẹ ń bá lórí búlọ́ọ̀kù? Àwọn kan tiẹ̀ rò pé à ń ṣahun omi, pé búlọ́ọ̀kù tí kò mumi yó la fẹ́ tà fún wọn. Ẹni tó ń kọ́lé lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Àlàyé wa rèé.

Sìmẹ́ńtì kì í gbẹ lásán. Omi ló ń mu, òun àti omi ló jọ ń di òkúta. Omi tí àpò 50 kílò kan ń gbà mọ́ra gan-an kò ju nǹkan bí lítà 12 lọ. Èyí tó kù tí a ń dà sí i, kí ó lè ṣeé pò ni, bó bá sì pọ̀ jù, ihò wẹ́wẹ́ ni yóò fi sílẹ̀ nínú búlọ́ọ̀kù nígbà tó bá fà tán. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tí ẹni tó ń pò ó máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan, tí á fún un: kó dì mọ́ra, kí omi má sì kán. Kò sí ìfiṣòfò níbẹ̀.

Ẹ̀yìn tí a bá mọ ọ́n tán ni omi ti ń lọ. Búlọ́ọ̀kù tuntun kò gbọdọ̀ gbẹ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, torí bí omi inú rẹ̀ bá ti tán, sìmẹ́ńtì á dáwọ́ iṣẹ́ dúró, agbára rẹ̀ kò sì ní í pé bó ṣe yẹ. Họ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń lò fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà ọyẹ́, láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì: ẹ wọ́n omi láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti gbé e lọ. Èyí tó pọ̀ jù kò tilẹ̀ dúró lára búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀ ló mu ún. Nísinsìnyí, bó bá ti le tó ohun tí a lè wọ́n omi sí, a ó wọ́n ọn dáadáa, a ó fi ọ̀rá bò ó, a ó sì fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Omi tó fẹ́ fò lọ á kan ọ̀rá, á tún padà sórí búlọ́ọ̀kù. Ẹ ṣí i wò lọ́jọ́ kẹta, ẹ ó bá ọ̀rinrin lábẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀ pátápátá lórí èyí: búlọ́ọ̀kù tí a bò dáadáa sàn ju èyí tí a ń da omi lé lórí, tí oòrùn sì ń gbà á.

Omi tí a fi ń fọ ẹ̀rọ, ṣọ́bìrì àti wílíbáárò nírọ̀lẹ́ tún wà níbẹ̀. Dandan ni fífọ̀ yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sìmẹ́ńtì á gan mọ́ inú ẹ̀rọ. Omi ọ̀hún ń jẹ ọwọ́ bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú, bó bá sì gba gọ́tà dé odò, ó lè pa ẹja. Kòtò mẹ́ta la gbẹ́ tẹ̀léra nítorí rẹ̀, a sì fi kọnkéré sí inú wọn. Yanrìn á dúró nínú àkọ́kọ́, ẹ̀tù sìmẹ́ńtì á rọlẹ̀ nínú èkejì, omi tó bá dé inú ẹ̀kẹta á ti tòrò. Òun la fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ibí yìí ni ọkàn àwọn kan kò ti balẹ̀. Àwa kọ́ la dá a sílẹ̀ o. Ìlànà ASTM C1602, tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà fún omi tí a fi ń po kọnkéré, fàyè gba irú omi ìfọ̀ yìí, bí agbára ohun tí a fi í pò kò bá dín ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ti èyí tí a fi omi mímu pò, nígbà tí méjèèjì bá pé ọjọ́ 7. A ń fi omi méjèèjì mọ búlọ́ọ̀kù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a sì ń kó wọn lọ fún àyẹ̀wò. Ẹni tó bá fẹ́ rí èsì, kó béèrè.

Òjò náà ń ràn wá lọ́wọ́. Òrùlé ibi tí a ń kó sìmẹ́ńtì sí gùn ní mítà 20, ó fẹ̀ ní mítà 10. Bí òjò bá rọ̀ tó mílímítà 10 péré, nǹkan bí lítà 2,000 ló bọ́ sórí rẹ̀ yẹn. Táǹkì ló ń dà sí báyìí.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé bọ́hòlù wa àti kànga àwọn aládùúgbò, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ń fa omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí okùn kànga ń gùn sí i, tí àwọn ọmọdé ń to kẹ́ẹ̀gì láti fẹ̀ẹ̀mọ́jú, kò yẹ kí ilé iṣẹ́ kan máa da omi tó dára sílẹ̀ lójú wọn. Àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ńtì pàápàá ti tọ ọ̀nà yìí. Láyé ọjọ́un, omi ni wọ́n fi ń lọ òkúta ẹfun, á di ẹrẹ̀ tí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ omi, wọn á wá máa fi iná olówó gọbọi lé omi yẹn jáde. Lónìí, gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn lágbàáyé ń lọ̀ ọ́. Láti 1978 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wà ní Ṣágámù wa níbí. Ó yẹ kí àwa tí à ń fi sìmẹ́ńtì jẹun náà mọ iyì omi.

Ní ti ẹ̀yin: búlọ́ọ̀kù kankan kò ní í jáde kó tó pé ọjọ́ 7, ìbáà jẹ́ 9 ínṣì tàbí 6 ínṣì. Nígbà yẹn ló tó ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tí yóò ní lọ́jọ́ 28. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀ wá ká yọ ọ́ ṣáájú. Owó rẹ̀ kò yí padà nítorí èyí. Ẹ sì bá wa sọ fún bíríkìlà yín pé kò sí ìdí láti ki họ́ọ̀sì bọ àárín búlọ́ọ̀kù lóko iṣẹ́. Kí wọ́n kàn fi omi díẹ̀ ra ojú rẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ tò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọjà ní Sátidé, kó ti ránṣẹ́ sí wa, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú.

Ẹ ṣeun, ẹ kú àdúrótì.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù yín, Ṣágámù