Kọ́bọ̀ Inú Abọ́

Òkè-Bàálẹ̀, Òṣogbo

Àlàbí ọmọ mi,

Ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ abilà bí méjì, ọ̀kan kú. A ti lẹ páànù ẹ̀yìnkùlé.

Ẹnì kan ti ọ̀dọ̀ yín dé, ó ní o ò wọ kíláàsì mọ́ látìgbà ọyẹ́. Ṣé o ṣì wà níléèwé? Mo rí àwòrán rẹ lórí WhatsApp lánàá, eyín rẹ funfun báláú, ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo rántí oòrùn ọjọ́ ààwẹ̀ yẹn.

Ó ti fìdí kanlẹ̀, ó pupa, ó rí pẹlẹbẹ bí àkàrà tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀. O ní, "Bàbá, ó ti wọ̀ tán. Afẹ́fẹ́ ló tẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tí a fi ṣì ń rí i." Mo gbá ọ létí níwájú jámáà. Èmi ládàánì, kí ọmọ mi máa fi ọgbọ́n wá oúnjẹ!

Lọ́jọ́ kejì o fi kọ́bọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ abọ́ tánńganran, o ní kí n máa fẹ̀yìn rìn títí etí abọ́ fi bò ó mọ́ mi lójú. O rọra da omi sí i. Kọ́bọ̀ yọ sí mi, bẹ́ẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. O ní bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe oòrùn nìyẹn: níbi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀, ó ń gbé e sókè tó ìbú oòrùn fúnra rẹ̀, ó tún lé díẹ̀. Etí ìsàlẹ̀ ló ń gbé ju tòkè lọ, ló fi ń rí pẹlẹbẹ. Nílẹ̀ tiwa níbí, bí ìṣẹ́jú 2 la fi ń wo ohun tó ti lọ. Mo dákẹ́. Mi ò bẹ̀ ọ́. (Ojú náà la ó ṣì máa fi wò ó ká tó ṣínu o, ìyẹn ò yẹ̀.)

Ṣé o ṣì wà níléèwé, Àlàbí? Ọ̀dájú ọmọ! Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ni mo tà kí n tó rí owó oúnjẹ tí mo fi ránṣẹ́. Bí o bá ti ná an, o ti ná an náà nìyẹn. Ṣé o ń jẹun?

Èmi náà, odidi sáà kan ni mo fi ń wọ yunifọ́ọ̀mù jáde nílé láràárọ̀, ìdí ẹ̀rọ télọ̀ ni mo ń lọ jókòó sí. Bàbá mi kú kó tó mọ̀. Mi ò sọ fún ìyá rẹ rí.

Pè mí lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Má fi àwòrán ránṣẹ́.

Bàbá rẹ