Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Aláró: Ẹ Bá Wa Wá Ibi Gbígbẹ fún Háídíró

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Ìlà-Oòrùn Ìbàdàn,
Màpó, Ìbàdàn.

Alága wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa aláró àdìrẹ ní agbègbè Màpó ló ń kọ̀wé yìí. Láyé àwọn ìyá wa, ẹ̀lú àti omi eérú ni wọ́n fi ń rẹ aró. Ọwọ́ wọn kàn máa ń dúdú ni. Lónìí, kọ́sítíìkì sódà àti háídíró (sodium hydrosulphite), àwọn kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró yòrò, la fi ń ṣe é, àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ eérú.

Kọ́sítíìkì, a ti mọ̀ ọ́n lò díẹ̀. Omi là ń kọ́kọ́ bù sínú ike, ká tó máa da sódà sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi lé sódà lórí, yóò hó ta sí i lójú. A sì ti kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni rọ ọ́ sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò, nítorí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́.

Háídíró gan-an ló gbé wa wá. Ìyẹ̀fun funfun ni, ó sì kórìíra ọ̀rinrin. Bí omi díẹ̀ bá kàn án nínú agolo, fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbóná, yóò rú èéfín tó ń sé ni lọ́fun, ó sì lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Lójò èṣí, òrùlé ìsọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan jò sínú agolo rẹ̀. Àwọn aládùúgbò sáré bu omi ife méjì sí i, wọ́n rò pé oore ni! Ńṣe ni èéfín tún pọ̀ sí i. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọkùnrin kan tó fi ọ̀pá wọ́ agolo náà sí gbangba.

Ẹ̀rù òjò yìí ló mú kí ọ̀pọ̀ nínú wa máa gbé e sí abẹ́ ibùsùn nílé. Gbogbo Ìbàdàn ló gbọ́ ìró ti Bódìjà lọ́jọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, tí gómìnà sọ pé ohun abúgbàù tí àwọn kan kó pamọ́ sínú ilé ló fà á. Tiwa ò tó ìyẹn, ṣùgbọ́n ilé kọ́ ni ààyè rẹ̀.

Yàrá kan ṣoṣo là ń bẹ̀bẹ̀ fún: kó jìnnà sí ibi tí èèyàn ń sùn, kí ilẹ̀ rẹ̀ ga, kí òrùlé má jò, kí atẹ́gùn máa wọlé. A ó máa san owó rẹ̀. Ásíìdì àti bílíìṣì ò ní wọ ibẹ̀. Ẹ sì bá wa bẹ àwọn panápaná kí wọ́n wá kọ́ wa ní ohun tó yẹ ká ṣe bó bá ṣẹlẹ̀.

A gbọ́ pé àwọn kan ní kí ẹ fòfin de háídíró. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fòfin dè é, abẹ́ ibùsùn náà ló máa padà sí.

Àwa ni tiyín,
Ìyálóde àti Akọ̀wé, fún gbogbo ẹgbẹ́ aláró.