Páálí ìwé rẹ

Òkè-Fìà,
Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Kánádà ọ̀hún ńkọ́, ṣé ó ti ń dẹ̀ díẹ̀? Dáadáa ni àwa wà níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ má fèsì, torí ọ̀rọ̀ náà kọjá èyí tí mo lè fi ohùn dáhùn láàárín ariwo ọjà. O ní kí n tú páálí ìwé rẹ, kí n ta èyí tó bá ṣeé tà, kí n fi ìyókù ta ọmọ iléèwé lọ́rẹ, kí wọ́n má baà máa dí mi lọ́nà ní pálọ̀. Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n ń dí mi lọ́nà? Mi ò ní tà wọ́n. O tún béèrè pé kí ni àwa ará ilé ń kà báyìí. Ìdáhùn ìbéèrè kejì yẹn ni ìdí tí mi ò fi ní ṣe ti àkọ́kọ́.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí ò ń di ẹrù? Nígbà tí wọ́n ní àpò kan kò gbọdọ̀ ju kílò 23 lọ, ìwé lo kọ́kọ́ yọ sílẹ̀, o wá kó ẹ̀lùbọ́ àti irú sí àyè rẹ̀. Mi ò bá ọ wí o, a kì í fi ìwé ro àmàlà. Ṣùgbọ́n páálí yẹn kò pẹ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, torí ikán ilé yìí kì í gbààwẹ̀. Mo ní kí káfíńtà kan pákó mọ́ ògiri, mo to gbogbo wọn sórí rẹ̀, mo ju káńfọ̀ sáàárín wọn. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ kò ti dá ní pálọ̀ mi. Ẹni tó wá san owó àjọ á kọ́kọ́ dúró níwájú pákó, á fa ọ̀kan yọ, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè mú èyí lọ?”

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìyẹn èyí tó máa ń sá fún ọ torí pé o máa ń bi í ní ìṣirò. Wáẹ́ẹ̀kì ló ń múra fún. Ìwé tí wọ́n yàn fún ìdánwò nìkan ló máa ń kà tẹ́lẹ̀, ìyẹn náà, ìdáhùn ìbéèrè ló ń wá kiri lórí fóònù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ, fóònù kú, ó wá fi ìbínú fa Àjà Ló Lẹrù yọ, ìtàn ọ̀daràn tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ. Nígbà tí mo jí ṣe ìtọ̀ lóru, tọ́ọ̀ṣì ṣì ń tàn ní yàrá rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí láàárọ̀ kì í ṣe oúnjẹ: “Àǹtí, ṣé Làpàdé tún wà nínú ìwé mìíràn?” Mo na Àgbàlagbà Akàn sí i. Òkédìjí kò jẹ́ kí ọmọ yẹn pọnmi fún odidi ọ̀sẹ̀.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo tó rò ni pé àwọn ará ayé àtijọ́ kò mọ sípẹ́lì. Ẹ̀dà Àjà Ló Lẹrù tìrẹ ti pẹ́, “aiye”, “enia” àti “nwọn” ló kún inú rẹ̀. Mo ní 1969 ni ìwé náà jáde, pé ní 1974 ni wọ́n fẹnu kò lórí bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀ báyìí. Ó ní òun ti gbọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹni tó gbà.

Ohun tó pa á lẹ́rìn-ín jù ni ohun tí o fi pẹ́ńsùlù kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ní ibì kan, o kọ “irọ́!”, o fà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Níwájú díẹ̀, o kọ “ọkùnrin yìí gan-an ni, mo mọ̀”. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ìwé parí, o padà lọ fagi lé e, o wá kọ “háà” síbẹ̀. Ọmọ náà bi mí pé ṣé Àǹtí Kánádà máa ń bá ìwé jà ni. Mo rẹ́rìn-ín títí, torí bí o ṣe máa ń jà nídìí tẹlifíṣọ̀n náà nìyẹn.

Mo mọ̀ pé o máa sọ pé gbogbo rẹ̀ ti wà lórí fóònù. Èmi náà ní wọn. Wọ́n ń fi PDF ránṣẹ́ nínú gúrúùpù wa bí ẹni ń pín sàárà, àwọn tó kọ ìwé náà kò sì rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, èyí tí kò dùn mọ́ mi nínú rárá. Mo máa ń ṣí wọn tí mo bá wọkọ̀ lọ sí Abẹ́rẹ́. Mi ò tíì ka èyíkéyìí parí. Kí n tó dé ojú ewé kẹta, ẹnì kan á ti pè pé ìgbà wo ni àjọ máa kàn òun.

Wàyí o, Ó Le Kú. Èyí kì í gbélé mọ́. Ìsọ̀ onídìrí tó wà níwájú ilé wa ló ń gbé. Àwọn ọmọge ibẹ̀ kọ́kọ́ ní àwọn ò nílò rẹ̀, pé àwọn ti wo fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní 1997, pé àwọn mọ Àjàní látòkè délẹ̀. Mo ní 1974 ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti kọ ọ́, kí wọ́n kà á ná. Báyìí, ọ̀kan ló ń kà á sókè, àwọn yòókù ń dirun, ìjà sì ń lọ. Àwọn kan ń gbèjà Àṣàkẹ́, àwọn kan ní Lọ́lá ni tàwọn, ìyàwó ilé kan tó jókòó lábẹ́ òòyà ń ṣépè fún Àjàní bí ẹni pé ọkọ ọmọ rẹ̀ ni. Mo rí oníbàárà tí wọ́n ti dirun rẹ̀ tán tí kò dìde, ó ní kí wọ́n parí orí tí wọ́n wà ná. Àmọ́ o ó bínú: àtàǹpàkò olóròóró kan ti tẹ ojú ewé kan, gbogbo ìlà ọwọ́ ẹni náà ló hàn, ọlọ́pàá lè fi í mú olè. Mo gbìyànjú láti nù ún, ó tún tàn ká sí i.

Ìwé òwe rẹ kò sí nílé. Alága ìjókòó kan ló yá a, ó fi ń gbowó lọ́wọ́ àwọn àna lóde ìdána. Gbàgbé ìyẹn.

Ti Bàbá àgbà ilé kejì ni mo fẹ́ kí o fojú inú wò. O rántí pé ó máa ń sọ pé òun máa ń lọ wòran ní Mbari Mbayo, ilé eré Dúró Ládiípọ̀, nígbà èwe òun, a ò sì kà á sí. Ọjọ́ tí ó rí Ọba Kò So lórí pákó mi, ó jókòó. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ló bá ní kí ọmọ yìí ka díẹ̀ fún òun. Ọmọ ń kà á bí ẹni ń ka ìròyìn, Bàbá ní rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó dorí rẹ̀ kodò, kò sì mọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀ Ṣàngó jáde bí Dúró Ládiípọ̀ ṣe máa ń pè é. Àfi bí i pé Ọya fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó ní 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, níbí, ní Òṣogbo wa yìí, pé ọdún kejì ni wọ́n gbé e dé Berlin. Ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ níwèé. Ó mú un lọ, kò tíì dá a padà, mi ò sì ní béèrè.

Èmi fúnra mi, Fágúnwà ni mo padà sí. Ògbójú Ọdẹ, ti 1938. Tìrẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ra tèmi lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ta ìwé àlòkù létí títì, kí n lè máa ṣẹ́ etí rẹ̀ bó ṣe wù mí. Ìwé ẹ̀bùn iléèwé ni tẹ́lẹ̀: wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé ti ẹni tó ṣe ipò kìíní nínú Yorùbá ni, ẹnì kan sì ti fi yíǹkì dúdú pa orúkọ ọmọ náà rẹ́. Ó ń dùn mọ́ mi pé kò sí ẹni tó ń retí kí n parí rẹ̀. Ibi tí Àkàrà-ògùn ti ní kí òǹkọ̀wé mú kálàmù àti ìwé ni mo máa ń padà sí, mo sì máa ń kà á sókè nídìí ààrò, torí Fágúnwà kò ṣeé fi ojú nìkan kà.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì mú mi bínú sí ohùn tí o fi ránṣẹ́. Bíbélì Bàbá rẹ wà nísàlẹ̀ páálí. Ṣé o tiẹ̀ mọ̀? Lẹ́yìn èèpo rẹ̀, Bàbá to orúkọ gbogbo yín, ọjọ́ tí wọ́n bí kálukú, pẹ̀lú yíǹkì búlúù. Ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ, ọjọ́ nìkan ló kọ. Ní tìrẹ, ó kọ “òjò rọ̀ púpọ̀, agbẹ̀bí kò tètè dé”. Èyí lo ní kí n tà! Kò kúrò nínú àpótí aṣọ mi láti ìgbà tí mo ti rí i, mi ò sì yá ẹnikẹ́ni.

Àbúrò ọkọ mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lóṣù Kẹwàá. Ó ti gbà láti mú Bíbélì náà dání, nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú ẹrù. Tí àyè bá kù fún ìwé kan sí i, èwo ni kí n fi kún un? Má ṣe sọ pé Ó Le Kú, torí mi ò lè gbà á lọ́wọ́ àwọn onídìrí. Tí ó bá ń padà bọ̀, fún un ní ìwé tí ìwọ náà ń kà lọ́hùn-ún. Bàtà tó o máa ń fi ránṣẹ́ ti tó.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Ṣé wọ́n ṣì ń gbọ́ Yorùbá?

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ rẹ