Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Oníbàárà Wa Lórí Omi Rédíétọ̀

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí o. Láti ìgbà tí oòrùn ti mú báyìí ni ọkọ̀ tó ń gbóná ti pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Láfẹ́ńwá, ṣùgbọ́n ọwọ́ oníbàárà wa kan ló mú wa kọ ìwé yìí. Ọkọ̀ rẹ̀ hó lójú ọ̀nà Ṣàgámù, ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì tú ìdérí rédíétọ̀ lójú ẹsẹ̀ kí ó lè bu omi sí i. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti bó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣí ìdérí yẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Omi inú ìkòkò a máa hó ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n omi inú rédíétọ̀ lè gbóná kọjá bẹ́ẹ̀ láì hó, nítorí pé ìdérí náà dé e pa, kò sì jẹ́ kí ooru rí ọ̀nà jáde. Ní kété tí ẹ bá tú u, yóò hó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì ru sí ojú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Òwúrọ̀, kí ẹ tó ṣáná sí ọkọ̀, ni kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, èyí tí àwa tí à ń gbé ní Abẹ́òkúta olókè yìí ní láti wá dáadáa. Ẹ wo ike omi tó wà nítòsí rédíétọ̀: àárín ìlà MIN àti MAX ló yẹ kí kúláǹtì, ìyẹn omi tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì tutù, wà. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀, ẹ rọ ọ́ sí i díẹ̀díẹ̀, kó má kọjá MAX, nítorí pé á wú bí ó bá gbóná. Bí ó bá di dandan láti ṣí ìdérí rédíétọ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, ẹ ká aṣọ tó nípọn lé e, ẹ yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń dún ṣìììì, ẹ dúró.

Irú kúláǹtì tí ìwé ọkọ̀ yín dárúkọ ni kí ẹ rà, nítorí pé àwọ̀ nìkan kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Omi kànga ní èròjà ilẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ inú rédíétọ̀ bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùlù. Bí pọ́ọ̀ wọ́tà nìkan lẹ bá rí lọ́nà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá ná, torí omi tútù lè mú kí irin gbígbóná sán bí ìkòkò amọ̀. Ẹ sì gbé kúláǹtì jìnnà sí ọmọdé àti ajá: ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni.

Ohun tó ń dùn wá jù ni àwọn tó ń bu omi sí ọkọ̀ lójoojúmọ́, tí wọ́n gbà pé bí ọkọ̀ àwọn ṣe ń mu omi nìyẹn. Ọkọ̀ kì í mu omi. Ibì kan ló ń jò. Ó lè jẹ́ họ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀ kí omi má baà dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Bí ẹ bá yọ irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, tí ọ́ìlì náà sì rí bíi tíì onímílíìkì, ẹ má ṣáná sí i mọ́. Ẹ pè wá kí á wá wọ́ ọ.

A kì í gba owó fún wíwo omi rédíétọ̀. Ẹ kàn fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa títí yóò fi tutù.

Àwa tiyín,
Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù