Sí ọ̀rẹ́ mi, lórí oníná tí ẹgbẹ́ olórin yín ń wá

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn púpọ̀ pé ara rẹ le àti pé ẹgbẹ́ olórin yín ti kúrò ní ẹgbẹ́ tí ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó fún un láyè kọrin. O ní ẹ ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó iná orí ìtàgé fún yín, o sì béèrè iye tó yẹ kí ẹ máa san fún un. Kí n tó dé orí iye, jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń sanwó fún gan-an, nítorí pé ibẹ̀ ni àwa ti ṣìnà.

Ẹni àkọ́kọ́ tí a gbà ní iná tó pọ̀. A wo ẹrù rẹ̀, ẹnu yà wá, a kò sì bi í léèrè bóyá ó ti bá olórin ṣiṣẹ́ rí. Lálẹ́ ọjọ́ eré, ẹ̀yìn wa ni ó to gbogbo iná sí. Wọ́n pọ́n, wọ́n tún di búlúù, èéfín gba ibi gbogbo, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò kọjú sí wa. Nínú àwòrán tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà, òjìji márùn-ún ló dúró lórí ìtàgé, ìyá mi pàápàá kò mọ èwo ni èmi nínú wọn. Nígbà tí onígìtá wa bọ́ síwájú láti fi ọwọ́ dárà, orí onílù ni iná balẹ̀ sí, onílù náà sì gbé ọwọ́ dúró, ó rò pé wọ́n ní kí òun ṣe nǹkan kan. Ìgbà náà ni a mọ̀ pé ẹrù lọ́tọ̀, ojú àti etí lọ́tọ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ amóhùnbúgbàmù fún yín ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wádìí, nítorí pé àwọn àti oníná ni wọ́n jọ ń tú ẹrù lọ́sàn-án tí wọ́n sì jọ ń kó o lóru. Wọ́n mọ ẹni tí í pẹ́ dé, wọ́n mọ ẹni tí í fi wáyà sílẹ̀ lójú ọ̀nà kí ẹlòmíràn kọsẹ̀. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àwọn eléré orí ìtàgé. Ẹni tó bá ti tan iná fún eré rí mọ̀ pé ojú ènìyàn ni a kọ́kọ́ ń tàn: iná méjì láti iwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí wọ́n má ga jù, kí òjìji imú má baà bo ẹnu.

Bí ẹ bá ti rí ẹni méjì tàbí mẹ́ta, ẹ fún wọn ní orin yín kan, kí ẹ sì máa wò wọ́n bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ṣe tiwa báyìí gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fi ìka kan lu orúnkún rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ní, “Kí ẹ tó padà sínú ègbè lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ máa ń dákẹ́ díẹ̀. Iye ìlù mélòó ni ìdákẹ́ yẹn?” Àwa tí a ni orin kò kà á rí. Onílù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu lu orin náà, mẹ́rin ni.

Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè iṣẹ́ pẹ̀lú, kí wọ́n dáhùn láìkólòlò. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ iná orí ìtàgé fi ń gba àṣẹ ni DMX512, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 1986. Okùn kan ló ń ti ara iná kan bọ́ sí ara òmíràn, ó sì ní ojú ọ̀nà 512 tí àṣẹ ń gbà kọjá. Bí iná kan bá ń lo ojú ọ̀nà méje láti orí 1, orí 8 ni èyí tó tẹ̀lé e yóò ti bẹ̀rẹ̀. Iná àtijọ́ tó ń jẹ 1,000 wáàtì ńkọ́? Mẹ́jọ irú rẹ̀ yóò fa ìṣàn iná tó tó nǹkan bí ámpíà 35 níbi tí iná mànàmáná bá ti jẹ́ fóòtì 230, iná LED kì í sì jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá béèrè ibi tí iná mànàmáná yóò ti wá kí ó tó gba iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá gbé iná kọ́ sókè orí yín láìfi okùn irin ààbò dè é.

Wàyí o, owó. Ẹ ya owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára owó tí ẹ fi yá ẹrù, ìbáà jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ni ẹrù náà. Fún eré wákàtí méjì, ó ti dé láti ọ̀sán, ó ti to iná, ó ti yí i sí ibi tí olúkúlùkù yóò dúró, òun náà ni yóò sì ṣẹ́yìn kó ẹrù nígbà tí ẹ̀yin bá ti ń sùn nínú ọkọ̀. Àwa ṣe àdéhùn pẹ̀lú ẹnì kan nígbà kan, ọkùnrin tó mọṣẹ́ gidi, pé yóò gba ìpín nínú owó ẹnu ọ̀nà. Èrò kò wá. Lẹ́yìn tí a yọ owó gbọ̀ngàn àti ti ọkọ̀, ojú tì mí bí mo ti ń ka ìyókù sí i lọ́wọ́. Ó gbà á láìsọ̀rọ̀, kò sì gbé ìpè wa mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọmọ ẹgbẹ́ ló ń pín èrè àti àdánù. Oníṣẹ́ tí a gbà kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń pinnu iye tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìdajì owó ni kí ẹ san nígbà tí ẹ bá ti dá ọjọ́ eré, ìdajì kejì lálẹ́ eré, kí ẹrù tó wọ ọkọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ojú ìwé kan ti tó: wákàtí tí yóò dé, ẹni tí yóò pèsè ẹ̀rọ èéfín, ohun tí yóò gbà bí eré bá kọjá àkókò, àti ohun tí yóò gbà bí ẹ bá fagi lé e nígbà tó ku ọ̀la. Bí iye tó béèrè bá ga ju agbára yín lọ, ẹ dín iná kù, ẹ má ṣe fọwọ́ kan owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Tiwa fi iná mẹ́fà ṣe ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kò fi ogún ṣe.

Jọ̀wọ́, to orúkọ àwọn orin tí ẹ máa ń kọ lálẹ́ kan, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń ṣe iná tiwa ti gbà láti wò ó, kí ó sì sọ iye iná tó kéré jù tí ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀. Kí o sì sọ ibi tí onígìtá yín máa ń dúró, nítorí pé tiwa kì í dúró lójú kan.

Bá mi kí gbogbo ẹgbẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.